Ògiri Ẹ̀yìn Ilé Gúnrégé

Bíríkìlà ni ọkùnrin náà, Gúnrégé sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Wọn kò fi orúkọ náà ṣe ẹlẹ́yà. Ògiri tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í wọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ ilé tó dúró déédéé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wá. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó nínú ìwà rẹ̀: kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Bó bá wọ ilé onílé, kó tó kí wọn tán ni ojú rẹ̀ yóò ti gun ògiri lọ sókè, yóò wá bi wọ́n pé, "Ta ló kọ́ ọ?" Ohùn ọlọ́pàá ló fi ń béèrè. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹni náà, yóò mirí, yóò ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Irin kékeré kan tó so mọ́ okùn ni ohun tó fọkàn tán láyé. Gbogbo bíríkìlà ló ní irú rẹ̀. Wọ́n á so okùn mọ́ òkè ògiri, irin á fà á wálẹ̀ ṣánṣán, ibi tí okùn àti ògiri bá ti ya ara wọn, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Gúnrégé a máa sọ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé èèyàn lè purọ́, ìwé lè purọ́, àmọ́ irin yìí kò ní ẹbí tó fẹ́ gbè lẹ́yìn. Ògiri gbogbo ayé ló fi irin náà wò. Ilé tirẹ̀ nìkan ni kò gbé e dé mọ́ láti ọjọ́ tó ti kọ́ ọ parí. Kí ló fẹ́ wá lọ síbẹ̀? Ṣebí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ kó wá sọ́dọ̀ wọn. Ọmọbìnrin náà ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní sáyẹ́ǹsì, Tíṣà ni wọ́n sì ń pè é nínú ilé. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún un. Yàrá náà fara ti èyí tí Gúnrégé ń kó irinṣẹ́ àti ìwé ilé rẹ̀ sí, ògiri ẹ̀yìn kan náà ló sì gba ìdí yàrá méjèèjì kọjá. Kò pẹ́ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣípò padà. Pẹ́ńsù tí Gúnrégé fi sórí tábìlì, ilẹ̀ ló ti bá a. Okùn tó ká jọ róbótó, ìdí ògiri ló ti rí i. Ilẹ̀kùn Tíṣà ló wá burú jù. Bí wọ́n bá pa á dé, yóò tún rọra ṣí padà, àfi bí ẹni pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ wọn.

"Àbúrò rẹ ń wá ìwé ilé mi," ni Gúnrégé sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ìwé ilé kẹ̀? Kó fi ṣe kí ni? Kó fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Ẹ̀yin ẹbí ìyàwó lẹ mọ̀."

Ó wá dẹ pańpẹ́. Ó mú bọ́ọ̀lù irin róbótó kan tó yọ lára bẹ́ríǹ tí táyà ọkọ̀ àtijọ́ fi ń yí, ó gbé e sí àárín yàrá irinṣẹ́ lórí sìmẹ́ńtì, ó fi ṣọ́ọ̀kì yí i po. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Nígbà tó dé, inú òbìrí ṣọ́ọ̀kì ṣófo. Bọ́ọ̀lù ti wà ní ìdí ògiri ẹ̀yìn.

Inú rẹ̀ dùn ju ti ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn lọ. Ó pariwo pé ọwọ́ pálábá ẹnì kan ti ségi nínú ilé yìí, àti pé ẹni náà ní kọ́kọ́rọ́ kejì.

Tíṣà wá wo bọ́ọ̀lù náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ilẹ̀ yàrá yìí ti dagẹ̀rẹ́. Ilẹ̀ ń fa ohun gbogbo sísàlẹ̀, apá ibi tó bá rẹlẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń yí lọ."

"Bọ́ọ̀lù tó dúró jẹ́jẹ́! Ta ló tì í?"

"Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kọjá ní títì ni. Agbára ìrìn wọn ń gba inú ilẹ̀ wọlé, ó ń mi ilé. Ìmìtìtì díẹ̀ ti tó o. Irin tí ẹ̀yin náà fi ń wo ògiri, ilẹ̀ kan náà ló ń fà á. Ilẹ̀ ayé yìí náà ló di òṣùpá mú tí kò fi sá lọ."

"Kí ló kan òṣùpá nínú ọ̀rọ̀ yàrá mi?"

Tíṣà bu omi sínú abọ́ pẹrẹsẹ, ó gbé e kalẹ̀. Omi kún dé ẹnu abọ́ lápá ọ̀dọ̀ ògiri, lápá kejì ó ku bí ìka kan.

Gúnrégé tẹjú mọ́ ọn títí. "Abọ́ yìí ló wọ́," ló wí. "Níbo lo ti rà á?"

Ara túbọ̀ fu ú. Ẹni tó lè gbé òṣùpá wọ inú ẹjọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni kékeré. Ó ní kí Tíṣà kó jáde tó bá fi máa di Sátidé. Ìyàwó rẹ̀ kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á.

"Bó bá lọ, èmi náà á tẹ̀ lé e," ni obìnrin náà wí. "Ẹ ó wá máa fi irin yín ṣe ìyàwó."

Gúnrégé kò lè jẹun dáadáa mọ́. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, kò kàn lè sọ ọ́ ni. Ó pinnu pé òun gbọ́dọ̀ ká Tíṣà mọ́ ibẹ̀ gan-an, kí ìyàwó òun lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ní ọ̀sán Fráídè, ó ṣe bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, ó yọ́ gba ẹ̀yìn wọlé, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá irinṣẹ́. Ó gbé bọ́ọ̀lù sáàárín ṣọ́ọ̀kì, ó lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń mí díẹ̀díẹ̀.

Ọkọ̀ àjàgbé kan kọjá ní títì. Fèrèsé gbọ̀n. Bọ́ọ̀lù náà gbọ̀n, ó jáde kúrò nínú òbìrí, ó ń rọra yí lọ, ó wá ń yára sí i, ó sì lọ forí sọ ògiri ẹ̀yìn.

Gúnrégé wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó gbé bọ́ọ̀lù padà, ọkọ̀ mìíràn kọjá, bọ́ọ̀lù tún lọ. Òun nìkan ló wà nínú yàrá, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè fura sí mọ́.

Ó mú irin àti okùn rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilé. Ó gorí àkàbà, ó so okùn mọ́ òkè ògiri, ó sọ̀ kalẹ̀. Irin náà ń fì síwá sẹ́yìn, Gúnrégé ń dúró dè é. Nígbà tí irin náà dúró, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ìdí ògiri gba àtẹ́lẹwọ́ kan. Gúnrégé kọ́kọ́ fura sí okùn. Ó gbé e lọ sára ilé Aránbàtà, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣe bàtà. Okùn àti ògiri Aránbàtà lẹ̀ mọ́ra wọn láti òkè délẹ̀.

Ó gbé okùn padà so mọ́ ògiri tirẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Gọ́tà ló wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ló fura pé Aránbàtà mọ̀ọ́mọ̀ ń darí omi òjò sọ́dọ̀ òun. Kò bi í léèrè. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ gọ́tà jíjìn sí ẹsẹ̀ ògiri ara rẹ̀ kí omi náà lè bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni omi ti ń họ erùpẹ̀ kúrò lábẹ́ ìpìlẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń fa ilé lọ síbi tó rọ̀. Ilẹ̀ kò bìkítà pé bíríkìlà ló ni ín. Lẹ́yìn náà ló rántí ibi tí Tíṣà ń gbórí lé sùn. Ìdí ògiri yẹn gan-an ni.

Ó sáré wọlé. Tíṣà ń di ẹrù, ìyàwó rẹ̀ sì ń di tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kúrò níbẹ̀!" ni Gúnrégé kígbe.

"Ẹ̀gbọ́n, Sátidé lẹ dá fún mi."

"Mo ní kúrò lábẹ́ ògiri!" Ó fa bẹ́ẹ̀dì náà jáde fúnra rẹ̀, ó wọ́ ọ dé yàrá tirẹ̀ níwájú ilé. Nígbà tó padà wá, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ibẹ̀ ni wàá máa sùn, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ. Pálọ̀ tó mi." Ó kó àpótí ìwé ilé jáde kúrò nínú yàrá irinṣẹ́, ó gbé e fún Tíṣà. "Bá mi tọ́jú rẹ̀. Mo ṣẹ̀ ọ́, jọ̀wọ́."

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù tó ti dì.

Ní àárọ̀ Sátidé, Gúnrégé fi igi gbé òrùlé ẹ̀yìn dúró, ó gbé òòlù, ó ń wó ògiri náà láti òkè. Aránbàtà gbọ́ ariwo, ó jáde, ó yọjú lórí ọgbà. Ó wo okùn tó ṣì so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó wo àlàfo náà, ó súfèé.

"Gúnrégé! Ògiri wo rèé? Ta ló kọ́ ọ?"

Gúnrégé gbé òòlù sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí.