Aṣọ Funfun Nínú Oko Ẹ̀gẹ́

Owó tí mo fi ra àgbàdo sísun méjì ní Àjàh lánàá, ní ìgbà èwe mi, ó tó gbé ọkùnrin mẹ́ta lọ sí Ìkẹjà lálọ-lábọ̀, kí wọ́n jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ran lọ́nà, kí ṣéńjì sì tún kù. Mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tó ta àgbàdo náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ padà lọ rà á níbẹ̀ nígbà náà." Mo sanwó.

Ọkọ̀ òfurufú la máa ń lọ wò ní Ìkẹjà. Àwa mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, a ń wọn ilẹ̀ fún ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń là lọ sí Ẹpẹ́. Inú àgọ́ onípákó ní Àjàh la ń gbé, láàárín yanrìn àti ọ̀pọ̀lọ́. Tó bá di Sọ́ńdè, a ó gbéra lọ sí ẹ̀yìn pápákọ̀ òfurufú, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ kan ti kángun sí wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà yí i ká. Orí oko yẹn ni àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà balẹ̀. Wọ́n máa ń sún mọ́lẹ̀ débi pé o lè rí ìlà ojú táyà wọn. Ewé ẹ̀gẹ́ á dojú bolẹ̀, fìlà á fò, àyà rẹ á máa gbọ̀n bí ìlẹ̀kùn páànù. Àwa á sì máa pariwo bí ọmọdé tó rí òjò àkọ́rọ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó tíì wọ ọkọ̀ òfurufú rí nínú wa.

Ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, ní àfẹ́sọ́nà kan tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mẹ́ta. Lójijì, lẹ́tà rẹ̀ dáwọ́ dúró. Àbúrò ọmọbìnrin náà ló wá tú àṣírí: ẹnì kan ti kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n òun pé ọ̀rẹ́ mi ti gbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n náà ń bọ̀ nílé ní Sọ́ńdè, bàbá wọn yóò sì mú dókítà kan, ẹni tí ó fẹ́ fi ṣe àna, dání lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀.

"Bàbá rẹ̀ ò ní jẹ́ kí n sún mọ́ ọn," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Ó yẹ kó mọ̀ pé mi ò níyàwó, kó tó fojú kan dókítà yẹn."

"A ó sọ fún un kó tó balẹ̀," ni mo dáhùn.

Iṣẹ́ wa ló kọ́ mi. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré kan wá ya àwòrán ilẹ̀ Lẹ́kìí láti òkè, àwa la tẹ́ aṣọ funfun sórí yanrìn kí ó lè rí ààmì wa. A ra aṣọ tẹ́rù funfun, a rán an pọ̀, a fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì kọ ọ́ gàdàgbà: MO ṢÌ Ń DÚRÓ.

Olórí àwọn lébìrà wa, àgbàlagbà ọmọ Àjàh tó ti lọ sí Mẹ́kà, bá wa níbi tí a ti ń ká aṣọ náà láàárọ̀ Sọ́ńdè.

"Ibo lẹ máa tẹ́ ẹ sí?"

"Abẹ́ ọkọ̀ gan-an, Àlàájì."

"Ṣé ìdí ọkọ̀ ni fèrèsé wà ni? Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì, ṣé ó ń rí ohun tí táyà ń tẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì. "Yunifásítì! Ọdún mélòó lẹ lò níbẹ̀?"

Ojú tì wá. Ṣùgbọ́n òun náà ló dìde, tó ní, "Ẹ nà án sókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ sì wá òmíràn. Ẹ ò mọ ọwọ́ tó jókòó sí." A fi aṣọ ìtẹ́bùsùn mi ṣe èkejì.

Àlàájì àti ẹnì kẹta wa dúró lápá ọ̀tún oko, èmi àti ọ̀rẹ́ mi lápá òsì, a so aṣọ mọ́ àwọn ọ̀pá tí a fi ń wọn ilẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù yọ, ọ̀rẹ́ mi ju ọ̀pá tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń fò, ó ń ké orúkọ ọmọbìnrin náà. Kí a tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ ti kọjá.

"Ṣé ó rí wa?" ni ó ń bi mí. Ta ló mọ̀?

Mọ́ńdè, Túsìdeè, ọ̀rẹ́ mi kò jẹun dáadáa. Ní Wẹ́sìdeè, a wà lójú iṣẹ́ ní Ìgbó Ẹfọ̀n nígbà tí bọ́ọ̀sì kan dúró. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ nítorí yanrìn. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ló gbé aṣọ yẹn dorí kodò?"

Mo wo ilẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan kà," ni ó sọ fún ọ̀rẹ́ mi. "Ìwọ ni mo rí, tí o ń fò bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. Mo ní ọkùnrin tó níyàwó nílé ò ní máa fò báyìí nínú oko olóko."

"Dókítà ńkọ́?" ni Àlàájì bi í.

"Ó bá mi gbé ẹrù délé, Àlàájì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

A ò ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá ìyàwó bínú fún ọdún kan gbáko. Ọmọ àkọ́bí wọn ló pẹ̀tù sí i lọ́kàn.

Àlàájì ti lọ, ó ti pẹ́. Ẹnì kẹta wa kú sí Ìbàdàn, a sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Dókítà wà láàyè, mo gbọ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rẹ́ mi wà ní Ṣàngótẹ̀dó, ìyàwó rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi náà wà.