Èèrà Tó Há Mọ́ Ewé Kòkó

Ní abà wa lẹ́bàá Omífúnfun, ẹnikẹ́ni kì í dá kòkó fọ́. Àáró là ń ṣe: lónìí gbogbo wa lóko tèmi, lọ́la lóko tìrẹ. Èmi a fọ́ ọ, ìyàwó mi tó máa ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi á ha hóró rẹ̀ jáde. Nígbà tí ìyàwó mi kú, mo yọwọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi títí, mo ní ara mi ò yá. Irọ́ ni. Ó kàn ń bí mi nínú pé wọ́n ṣì lè máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń já kòkó, mo rí èèrà dúdú kan lábẹ́ ewé. Ó ti kú, síbẹ̀ ó fi ẹnu di ewé náà mú gírígírí, ohun kan bí olú tín-ín-rín sì hù lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Mo mú un lọ bá ọmọbìnrin mi tó ń ṣe tíṣà ní Òrè.

Ó wò ó dáadáa. “Bàbá, olú yìí ló wọ inú rẹ̀. Bó bá ti wọlé, èèrà á fi ọ̀nà tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń tọ̀ sílẹ̀, á dá gun igi lọ, á deyín mọ́ ewé, kò ní tú u sílẹ̀ títí á fi kú. Ẹ ó rò pé ó wù ú ni.”

Mo ní, “Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.” Àwàdà ni mo fi ṣe, kò rẹ́rìn-ín.

“Bàbá mi, ta lẹ bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá?”

Mi ò rí ẹni dárúkọ. Mo fìbínú gun ọ̀kadà padà. Ilé dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rù bà mí.

Nígbà tí àáró kan oko aládùúgbò mi, àgbẹ̀ kan tó tọ̀nà jíjìn wá dáko níbí, mo mú àdá mi. Nídìí pèrègún tó pààlà oko wa, ó kù díẹ̀ kí n yí padà. Mo kọjá.

“Bàbá, ẹ káàbọ̀ o!” Aládùúgbò mi sáré gbé àpótí wá. Méjì ló gbé, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bó ṣe máa ń tò wọ́n fún èmi àti ìyàwó mi. Ìgbà tó tò wọ́n tán ló tó rántí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé ìkejì kúrò.

Mo ní, “Fi í sílẹ̀.”

Mo jókòó, mo fọ́ kòkó kan, mo sì ti na ààbọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Obìnrin kan dìde níwájú mi, ó gbà á, ó sì ń ha á.