Sìmẹ́ǹtì Nílé Àgbá

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Remedios Palomeque fi bomi rin iyanrìn ní ìlú Sanlúcar létí òkun. Bí ooru bá ti mú, á fa rọ́bà omi wọ ilé àgbá wáìnì, á rin ilẹ̀ oníyanrìn ibẹ̀ gbingbin. Wáìnì ibẹ̀, tó gbẹ lẹ́nu, tí wọ́n fi ọtí líle díẹ̀ kún, ń gbé lábẹ́ awọ ìwúkàrà funfun kan tó máa ń bo ojú rẹ̀ nínú àgbá. Tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá gbẹ, awọ náà á kú, wáìnì á sì bàjẹ́.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Borja, ọmọ ẹni tó ni ilé àgbá náà, da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ náà nítorí bàtà gogoro àwọn àlejò tó ń wá ya fọ́tò. Awọ ọgọ́ta àgbá kú. Borja kọ lẹ́tà sí Remedios pé ó ti dàgbà, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, kó máa lọ sílé.

“Ṣé kí n máa bomi rin sìmẹ́ǹtì kó lè hù ni?” ó bi mí nígbà tí mo wá kọ ìròyìn nípa rẹ̀.

Mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ tí kì í ní àlàyé. Mo ní kó fi ẹ̀rí hàn mí. Ó pe Borja, ó kó àwa méjèèjì lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, níbi tí sìmẹ́ǹtì ti tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Àgbá méjìlá ṣì wà lórí iyanrìn tútù.

“Tọ́ ọ wò, ọ̀gá kékeré.”

Borja mu ún. Wáìnì náà mọ́ lẹ́nu, ó sì níyọ̀ díẹ̀ bí atẹ́gùn òkun. Ìyá náà bu ti orí sìmẹ́ǹtì fún un. Àwọ̀ èyí ti pọ́n. Borja tu ú dànù.

“Màmá Reme, àgbá ò rí bákan náà.”

“Ọgọ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? O ò tijú.”

“A máa fún un lórúkọ míì, a ó tà á. Àwọn àlejò ò ní mọ̀.”

Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń kọ irú wáìnì tó wà nínú àgbá sára rẹ̀. Remedios mú tirẹ̀, ó kọ “sìmẹ́ǹtì” sára àgbá àkọ́kọ́, ó bọ́ sí ìkejì. Ó ti kọ ogún kí àwọn àlejò tó wọlé.

“Irú wáìnì wo nìyí?” obìnrin kan bi Borja.

Borja sún mọ́ ìyá náà. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nù ún.”

Remedios yọ lẹ́tà náà nínú àpò. “Kọ́kọ́ fa èyí ya.”

Borja fà á ya lójú gbogbo wa.

“Ó dáa,” Remedios ní, ó sì bọ́ sí àgbá kọkànlélógún. “Tí o bá ti fọ́ sìmẹ́ǹtì, màá nù ún.”