Gbádégẹṣin Kò Pe Iye Méjì Mọ́

Àgbọn ni Gbádégẹṣin ń tà ní Gbéréfù. Munirah ló ń rà á. Ọdún kọkànlá rèé tí obìnrin náà ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá láti Àgbádárìgì ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Oníbàárà mìíràn ò sí tó ń rà tó o. Gbádégẹṣin á pe ọgọ́rùn-ún àgbọn ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà. Munirah á ní ogún. Wọ́n á bú ara wọn díẹ̀, wọ́n á wá pàdé ní ọgbọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, Olúdọ̀tun, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn, wàásù lórí òwò. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ onígbàgbọ́, ìsìn ni. Ó ní ẹni tó bá pe iye tí kò ní í lọ́kàn láti gbà, irọ́ ló pa. Gbogbo ìjọ ṣe àmín, wọ́n sì lọ sílé. Gbádégẹṣin nìkan ló gbà á gbọ́.

Nígbà tí Munirah dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Gbádégẹṣin ní, "Ọgbọ̀n."

"Ogún," ni Munirah wí.

"Ọgbọ̀n."

"Ó dáa, méjìlélógún."

"Ọgbọ̀n ni, Munirah. Iye kan ni mo ń pè báyìí."

Munirah wò ó. "Baba, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"O ò ṣẹ̀ mí."

"Ẹ kúkú sọ pé ẹ ò fẹ́ tà fún mi mọ́."

Ó dìde, ó bọ́ sí àtíbàbà Fàsásì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Fàsásì pe tiẹ̀ ní ogójì. Wọ́n pariwo títí. Munirah san mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó sì ń rẹ́rìn-ín wọ ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi yà mọ́. Àgbọn bẹ̀rẹ̀ sí í hù nílẹ̀. Olúdọ̀tun fúnra rẹ̀ wá ra márùn-ún.

"Ẹ bá mi dín in kù," ni Olúdọ̀tun wí.

Gbádégẹṣin kàn ń wò ó. Olúdọ̀tun san owó rẹ̀ pé.

Àdùní, ìyàwó Gbádégẹṣin, ní, "Baba Ìbùkún, ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí ná ọjà. Ṣebí àgbà kan bá Ọlọ́run náà ná an nítorí ìlú. Àádọ́ta olódodo ló fi bẹ̀rẹ̀, ó já a wálẹ̀ dé mẹ́wàá."

"Ìlú yẹn ṣì jóná."

"Ebi ló máa jó tiwa."

Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, àgbọn àti gaàrí ni. Ti ọjọ́ kejì náà, àgbọn àti gaàrí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Munirah dé. Àgbọn Fàsásì kéékèèké, omi ò sí nínú wọn. Kò sọ ìyẹn. Ó jókòó sórí àpótí.

"Èló?"

"Ọgbọ̀n."

"Ẹ dákẹ́ báyìí. Ẹ má sọ nǹkan kan mọ́. Èmi ni mo máa ná an fún àwa méjèèjì."

Ó ní ogójì ni Baba pè é. Ó ní ogún lòun máa san. Ó mú ohùn rẹ̀ nípọn, ó fi ohùn Gbádégẹṣin bú ara rẹ̀ pé ahun ni òun. Ó bínú sí ọ̀rọ̀ náà. Ó dìde, ó rìn dé etí omi, ó pe ara rẹ̀ padà. Ó fi méjì lé e, ó fi mẹ́ta lé e. Ó dórí ọgbọ̀n, ó nu òógùn ojú.

"Mo mú yín lónìí, Baba."

"Ṣé o ti parí?"

"Mo ti parí."

Gbádégẹṣin gba ọgbọ̀n. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àgbọn lọ sínú ọkọ̀.