Ẹja Ọjọ́rú

Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí ọkọ wa kú, síbẹ̀ bí Ọjọ́rú bá ti dé, ọwọ́ mi á máa wá ìkòkò kiri. Ìyàwó méjì ni a jẹ́ fún un. Láti ọjọ́ Ajé di Ọjọ́rú, èmi ni mò ń dáná. Láti Ọjọ́bọ̀ di Sátidé, ìyálé mi ni. Ní ọjọ́ Àìkú, baálé fúnra rẹ̀ ló ń yan ẹni tó wù ú, ìdí nìyẹn tí ìjà fi máa ń ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́jọ́ Àìkú.

Mo parí opó, mo padà sí ọ́fíìsì mi ní Òkè-Ìlèwó, mo sì rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, mo yà ní Kútọ̀ lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja dídì, mo mú kótè ńlá kan. Ó bi mí pé ọ̀nà mélòó ni kí òun gé e sí. Mo ní mẹ́rin, bíi ti àtẹ̀yìnwá: méjì fún ọkọ, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún àlejò tó bá yà. Ìgbà tí mo bu méjì sínú abọ́ onídèérí rẹ̀, tí mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀, ni mo tó rántí. Mo jókòó ti abọ́ náà. N kò sunkún. Inú ló bí mi, bíi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ níta.

Láti ìgbà náà, ẹja kan náà ni mò ń sè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Owódé. Ìyálé mi nìkan ló kù tí a jọ ń gbé, yàrá rẹ̀ sì kọjú sí tèmi. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ọ̀rọ̀ wa kò ju ìkíni lọ. “Ẹ kú àárọ̀, Àlàájà.” “Kú àárọ̀, ìyàwó.” Ó parí. Bí ẹ bá bi mí ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni, àlàyé rẹ̀ á sì gùn ju ìjà náà lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, mo gbọ́ láti ojú fèrèsé tí ìyálé mi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ń bọ̀ ní Sátidé láti wá mú un lọ, ó di gbére. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: àìmọye ìgbà ni mo ti wà lórí ẹní ìkírun tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìyálé mi fi ilé yìí sílẹ̀ fún èmi nìkan. Ọlọ́run wá fẹ́ gbà á fún mi wàyí, ẹ̀rù sì bà mí.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo tètè kúrò níbi iṣẹ́. Mo fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹja mi. Orí ọlọ ni mo ti lọ ata, n kò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, nítorí ìyálé mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọbẹ̀ ẹ̀rọ ni mò ń sè. Mo da àlùbọ́sà sínú epo, mo da ata lé e, mo sì dúró tì í títí omi rẹ̀ fi gbẹ, kí n tó to ẹja sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò fi ṣíbí kàn án. Ìkòkò ni mò ń gbọ̀n jẹ́jẹ́, kí ẹja má baà fọ́. Mo ro láfún. Lẹ́yìn ìrun Màgáríbì, mo gbé àwo kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn.

Ó wo àwo, ó wò mí.

“Ta ló ní kí o gbé oúnjẹ wá?”

“Ọjọ́ mi ni òní, Àlàájà.”

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó fọwọ́, ó jókòó, ó ń jẹun. Mo dúró ti ilẹ̀kùn bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó yọ egungun kan lẹ́nu.

“Iyọ̀ rẹ̀ kò tó,” ó ní, ó sì tún bu òkèlè mìíràn.

N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájà, ẹ má lọ. Ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ilé yìí.”

Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, n kò bẹ̀ ẹ́ rí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo.

“Oṣù mẹ́ta ni ọmọ yẹn fi bẹ̀ mí kí n tó gbà,” ó ní. “Mo ti wá fún un lọ́rọ̀ mi báyìí, mi ò lè yẹ̀ ẹ́ mọ́. Gbogbo Ọjọ́rú ni òórùn ẹja rẹ máa ń wọlé bá mi níbí, ìyàwó. Mo máa ń fọ ọwọ́ mi sílẹ̀ dè ọ́.”