Ọjọ́ Tí Mo Pa Ìlù Inú Kíbọ́ọ̀dù

Nígbà tí ìyá mi fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, kíbọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ rà. Irú èyí tí wọ́n ń lò nílé ni. Tẹ bọ́tìnnì kan báyìí, ìlù á bẹ̀rẹ̀. Fi ọwọ́ òsì mú kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn bíi mẹ́ta pa pọ̀, béèsì á máa tẹ̀lé ọ nísàlẹ̀. Ọdún tí mo wọ Pólì ni.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo ohun èlò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ọ́fà kò fẹ́ rí i sójú rárá. "Kíbọ́ọ̀dù àwọn màmá" ni wọ́n ń pè é. Onílù wọn sọ ọ́ fún mi lójúkojú: "Bí ẹ̀rọ bá ń lu ìlù, tó tún ń ta béèsì, kí lèmi wá ń ṣe níbí?" Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ẹ̀rọ ló ń bá òun ṣeré? Èmi gan-an ń tijú.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi, tó ń kọ́ mi ní kíbọ́ọ̀dù náà, kò bá mi jiyàn. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀: mi ò gbọdọ̀ tẹ ìlù àfi tí mo bá ti lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣe orin náà tán. Á jókòó tì mí, á ní, "Ọwọ́ òsì rẹ ń sùn. Jí i."

Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò tẹ kíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ ìkórè, mo gbé tìyá mi lọ bá àwọn ọ̀dọ́ náà níbi ìgbáradì. Mo tẹ ìlù, mo bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì dé ègbè tí olórí wọn fi gbọ́wọ́ sókè.

"Sísítà, ẹ̀rọ là ń gbọ́. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo na ìka, mo pa ìlù náà, ṣùgbọ́n mi ò dá ọwọ́ dúró. Òsì mi ń rìn nísàlẹ̀ bíi béèsì, ọ̀tún ń kọ orin, mo tún ń ki kọ́ọ̀dù tí kò sí nínú ìwé orin bọ̀ ọ́. Ẹ̀rín dá. Kò pẹ́, onílù yẹn fúnra rẹ̀ dìde, ó mú igi rẹ̀, ó sì bá mi wọ inú orin náà.

Nígbà tí a parí, olórí bi mí pé, "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi ni, sà."

Lọ́jọ́ ìkórè, èmi ni mo tẹ kíbọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá mi, tí kì í jó ní ṣọ́ọ̀ṣì, jó láti ìjókòó rẹ̀ dé iwájú pẹpẹ, ó ń tọ́ka sí mi kí gbogbo ìjọ lè mọ ẹni tó bí ọmọ tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù.