Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Pa Jẹnẹrétọ̀

Tí mo bá ti gbóòórùn epo dísù tó dàpọ̀ mọ́ òórùn bébà gbígbóná, ilé alájà mẹ́ta tí a wà ní Benson Street, ní Monrovia, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ilé iṣẹ́ rédíò tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ló wà lókè pátápátá. Nísàlẹ̀, lápá ẹ̀yìn, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, níbi tó ti ń tẹ̀wé, tó sì ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn tó ń kó ìwé ẹrù bọ̀ láti Freeport, èbúté ìlú náà. Yàrá tí wọ́n ń kó páálí òfìfo sí ni tẹ́lẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ilé náà, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ni èèyàn sì lè gbà jáde sí títì. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tábìlì rẹ̀ á máa gbọ̀n, àwọn oníbàárà á sì máa fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ náà kúkú mọ ìlú wa, iná ìjọba kì í sábà wà. Láti àárọ̀ tí a bá ti ṣílẹ̀kùn títí tí a ó fi tì í, jẹnẹrétọ̀ yẹn kì í sinmi.

Ẹni tó ń tọ́jú agogo tó ń kìlọ̀ tí ilé náà bá fẹ́ gbiná jẹ́ bàbá kan tó wá láti Ìsẹ́yìn. Ó bá àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wá sí Monrovia nígbà ogun, iná mànàmáná ló ń tún ṣe fún wọn. Nígbà tí wọ́n padà sílé, òun dúró. Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń wá, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn àti agolo èéfín. Á na ọ̀pá sókè, á fín èéfín díẹ̀ sí àwọn ike funfun rìbìtì tó ń ṣọ́ èéfín lára àjà, agogo á sì figbe ta. Àwọn mìíràn tí mo ti rí nídìí iṣẹ́ yìí, tí agogo bá ti dún, wọ́n á buwọ́ lùwé, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Àlàájì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á máa lọ láti yàrá dé yàrá, á máa bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé, "Níbi tí o jókòó sí yìí, kí lo gbọ́?" Ohun tí onítọ̀hún bá sọ gan-an ló máa kọ sínú ìwé rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ó dà bíi pé iṣẹ́ kan náà là ń ṣe.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo fẹ́ ṣe ètò kékeré kan lórí rédíò nípa rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi sọ̀ kalẹ̀, mo sì bẹ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé kó bá mi pa jẹnẹrétọ̀, kí ohùn agogo lè wọlé dáadáa. Àlàájì wà lókè nígbà náà, ó rò pé dísù ló tán. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Agogo ní bátìrì tirẹ̀, ó dún, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara létí mi, inú mi sì dùn.

Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í bi èèyàn. Ẹ̀ṣọ́ náà, ọmọ Liberia tí kì í yé ṣàwàdà, dá a lóhùn pé, "I hear it fine-fine, ol' pa. Even dead man will hear it." Àlàájì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Nígbà tó ku ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn nìkan, mo rí i pé orúnkún ń dùn ún, mo sì ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Àlàájì. Ìyàwó mi gbọ́. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí láti orí awò ojú rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo jókòó síbẹ̀ ni?"

"Rárá, sà."

"Àbí ìyàwó ẹ yadi?"

Ẹ̀ṣọ́ kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó rí ojú mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Àlàájì rọra gba ọ̀nà tóóró náà lọ, mo tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo gbọ́ ọ o. Àmọ́ torí pé wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ lónìí ni. Tó bá wà lórí iṣẹ́, ẹ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn kí ẹ máa pariwo orúkọ mi, mi ò ní mọ̀ pé èmi lẹ̀ ń pè."

"Ta ló ní kí wọ́n pa á?"

"Akọ̀ròyìn yín nìyí, sà."

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àlàájì kò bínú. Ó ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ padà, kí èmi fúnra mi sì dúró ti tábìlì ìyàwó mi. Mo dúró. Ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ń pọ bébà, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì ń retí agogo. Nígbà tó yá, Àlàájì yọ láti ọ̀nà tóóró náà, ó fẹnu sí mi létí. "Ó ti dún, ó ti dákẹ́." Mo wo ọ̀nà náà, mo wo páálí bébà tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Tí wọ́n bá gbiná, ibẹ̀ nìkan ni ìyàwó mi lè gbà sá jáde.

Kò buwọ́ lùwé lọ́jọ́ náà. Ó sọ fún onílé pé ìyókù ilé dára, àmọ́ obìnrin kan wà lẹ́yìn tí agogo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé iná pupa kan wá, èyí tó máa ń ṣẹ́jú tí agogo bá ń dún, ó sì kàn án mọ́ ògiri níwájú ìyàwó mi. "Agogo mìíràn á kàn máa bá jẹnẹrétọ̀ jà ni," ló wí. "Ojú rẹ̀ ni ká bá sọ̀rọ̀."

Oṣù tó tẹ̀ lé e, òjò ń rọ̀ gan-an, mo wà ní Congo Town, àdúgbò kan tó jìnnà díẹ̀ sí wa, mò ń fọ̀rọ̀ wá ẹnì kan lẹ́nu wò. Ẹ̀ṣọ́ pè mí lórí fóònù. "Your wife outside, she all right-o. But come." Mi ò mọ bí mo ṣe wọ takisí.

Abẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù kan ní òdìkejì títì ni mo ti bá a, òjò ti pa á, ó sì di ìwé àwọn oníbàárà mọ́ àyà. Wáyà kan ló gbiná lókè àwọn páálí náà. Wọ́n ti pa iná náà, àmọ́ ọ̀nà tóóró ti dúdú láti òkè délẹ̀. Ìbéèrè Àlàájì ló bọ́ sí mi lẹ́nu. "Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Iná pupa yẹn ló ń ṣẹ́jú sí mi ṣáá. Mo sáré jáde. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, èéfín ò jẹ́ kí n rí ọ̀nà tí mo gbà mọ́."

Mo di í mú níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, èmi tí mi ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níta.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kọ "gbogbo èèyàn ló sọ pé" sínú ìròyìn mọ́. Ta ni gbogbo èèyàn? Mo máa ń lọ bi ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Nílé pàápàá, mo ti dín bí mo ṣe ń gbẹnu ìyàwó mi sọ̀rọ̀ kù. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájì, òun sì máa ń sọ pé iṣẹ́ òun lòun ṣe. Àmọ́ ká ní ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lọ́jọ́ náà, ká ní ó kọ "ìyàwó mi gbọ́" sínú ìwé rẹ̀, ta ni ǹ bá bá lábẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù yẹn?

Ó ṣì ń wá ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Jẹnẹrétọ̀ á máa ké, agogo á dún, á gbé ìwé rẹ̀ jáde, á wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Akọ̀ròyìn, ìyàwó ẹ ńkọ́?"

"Ẹ bi í, sà."

Á sì lọ bi í.